"Àwòrò ní kámẹ́rà mi kò gbọdọ̀ kọjá màrìwò": ìdáhùn fún ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ ya igbó òrìṣà ìlú rẹ̀

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ni mo fi ń jẹun. Igbó òrìṣà kan wà nílùú wa, ọ̀bọ pọ̀ nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í pa wọ́n. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe dókúmẹ́ńtárì tí gbogbo ayé máa rí, nípa bí àwọn baba wa ṣe ń dáàbò bo ẹranko kí òyìnbó tó dé. Kábíyèsí gbà fún mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, àwòrò ní kámẹ́rà mi kò gbọdọ̀ kọjá màrìwò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi drone yà á láti òkè. Òmíràn ní kí n lọ so àwọn kámẹ́rà kékeré tó ń ya nǹkan fúnra wọn mọ́ igi lóru. Aládùúgbò wa kan ń sin ọ̀bọ, ó ní mo lè lo tirẹ̀ fún àwòrán ojú. Èwo ni kí n ṣe nínú wọn? Ṣé èèyàn tiẹ̀ lè rówó nídìí iṣẹ́ yìí?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ ọ́ bó ṣe rí, láìbo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ìbéèrè rẹ dà bíi mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni mo gbọ́ nínú gbogbo wọn: ọgbọ́n wo lèèyàn lè dá láti ya ohun tí àwọn tó ni ín ní kò gbọdọ̀ yà? Màá dá ọ lóhùn lórí drone, lórí kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ igi, lórí ọ̀bọ aládùúgbò yín àti lórí owó. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ì bá wù mí kí n fi pamọ́, torí èmi náà ti dá ọgbọ́n yẹn rí.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún báyìí. Mo fẹ́ ya igbó kan, nílùú kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní rárá. Mo dúró dìgbà tí ilẹ̀ ṣú, mo so kámẹ́rà mẹ́rin mọ́ igi, mo fi ewé bò wọ́n, mo bá tèmi lọ. Lọ́kàn mi, ẹranko ni mò ń wá, n kò wá àṣírí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kẹwàá mo padà lọ tú wọn. Mẹ́ta ni mo rí tú, òjò kò jẹ́ kí n dé ìdí ẹ̀kẹrin. Ẹranko tó wà nínú káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju ọ̀kẹ́rẹ́ méjì àti etu kan lọ. Èèyàn ló kún inú ọ̀kan nínú wọn: àwọn àgbà tó wá ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lóru, ohun tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí, tí obìnrin kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ká tó wá sọ pé kó rí i. Obìnrin ni ẹni tó ń bá mi gé fíìmù nígbà náà, òun ló sì kọ́kọ́ ṣí fáìlì yẹn. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó dìde, kò bá mi ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, ọdẹ kan rí kámẹ́rà kẹrin. Ìlú ránṣẹ́ pè mí. Mo ra ohun tí wọ́n ní kí n rà fún ètùtù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n sì dárí jì mí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti igbó náà mọ́ gbogbo ẹni tó bá gbé ìwé tàbí kámẹ́rà dání. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń ka ẹyẹ níbẹ̀ fún ọdún méjì, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, wọ́n lé e pẹ̀lú mi. Fíìmù mi kò jáde, iṣẹ́ tirẹ̀ náà sì dúró síbẹ̀. N kò lè wo ojú rẹ̀ títí dòní.

Nítorí náà, tí mo bá sọ fún ọ pé má ṣe tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ kejì, kì í ṣe ìwé ni mo ti kà á.

Ohun àkọ́kọ́ tó jọ pé kò yé ọ tó ni ọ̀rọ̀ Kábíyèsí. Ìwọ rò pé ọba ti gbà, àwòrò ló ń ṣorí kunkun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọba ló ni ìlú, ṣùgbọ́n igbó òrìṣà ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Lọ́pọ̀ ìlú wa, ìdílé kan ló ni ilẹ̀ rẹ̀, àwòrò àtàwọn ìyálórìṣà ló ni ètò inú rẹ̀, àwọn ọdẹ ló mọ ọ̀nà ibẹ̀, ibì kan sì lè wà nínú rẹ̀ tí ọba fúnra rẹ̀ kì í dé. Tí Kábíyèsí bá ní kò burú, ohun tó wí ni pé òun kò ní dí ọ lọ́wọ́. Kò ní kí o gorí àwọn yòókù kọjá. Èyí tún yàtọ̀ sí ohun tí à ń pè ní igbó ọba, tó wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, tí àwọn fọ́rẹ́stì gáàdì ń ṣọ́. Ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ ìjọba lo nílò níbẹ̀. Ti Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tún dá yàtọ̀, torí ìjọba ti ka apá kan nínú igbó yẹn sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1965, UNESCO sì fi í sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù níbẹ̀ yóò bá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sọ̀rọ̀, yóò bá ààfin Àtáọ́ja sọ̀rọ̀, yóò tún bá àwọn Ọlọ́ṣun sọ̀rọ̀. Béèrè irú èyí tí tiyín jẹ́, kí o sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ẹnu nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè tó mẹ́fà tàbí méje.

Èkejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. O ní o fẹ́ fi han ayé bí àwọn baba wa ṣe ń dáàbò bo ẹranko. Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Màrìwò tí wọ́n fi dá ọ dúró yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí o fẹ́ yà. Kò sí wáyà níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbé ìbọn. Ọ̀mùnú ọ̀pẹ tí wọ́n ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àti ohun tó ń sọ lọ́kàn ẹni tó bá rí i. Lọ́jọ́ tí gbogbo ọmọ ìlú bá gbọ́ pé ẹnì kan gbé kámẹ́rà kọjá rẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣe é, ọjọ́ náà ni ẹlòmíràn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí òun yóò ṣe gbé ìbọn ṣakabùlà kọjá. Wàá rí ọ̀bọ yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ lo ṣí ilẹ̀kùn ilé wọn sílẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Gánà, níbi ìlú méjì tó wà nítòsí ara wọn, Boabeng àti Fiema. Oríṣi ọ̀bọ méjì ló wà nínú igbó tó wà láàárín wọn: mona, àti ẹdun dúdú-òun-funfun. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ọmọ òrìṣà ìlú ni wọ́n, tí ọ̀kan bá sì kú, wọ́n máa ń sin ín bí ẹni ń sin èèyàn. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sókè, àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọn kò ka èèwọ̀ yẹn sí bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀bọ jẹ. Ààrá kò sán pa wọ́n. Ohun tí àwọn tó ń ṣọ́ igbó ṣe ni pé wọ́n kọjú sí ìjọba, nígbà tó sì di 1975, ìjọba ìbílẹ̀ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa wọ́n mọ́. Èyí ni mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀: èèwọ̀ pa ọ̀bọ mọ́ láti ayébáyé, ó dọ́jọ́ kan, kò tó mọ́, wọ́n fi òfin kún un. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, ìjọba pàṣẹ ní 2012 tó fún igbó òrìṣà ní ipò lábẹ́ òfin, kí ẹni tó bá wá gé igi níbẹ̀ lè mọ̀ pé kì í ṣe òrìṣà nìkan lòun yóò dáhùn fún.

Fíìmù tó bá wá sọ pé "àṣà wa ló gba igbó là", tó sì dákẹ́ síbẹ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Wo Ọ̀ṣun. Nínú igbó yẹn, tí kò ju hẹ́kítà 75 lọ, ẹnikẹ́ni kì í dọdẹ, ẹnikẹ́ni kì í pẹja, ọ̀bọ ń bá àlejò rìn lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, omi odò náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn tó ń wa góòlù lápá Iléṣà ló sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èèwọ̀ ṣọ́ bèbè odò, kò lè ṣọ́ òkè odò. Tàbí kí o wo ẹdun tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ìyá ìbejì tí kò mọ "Ẹdúnjobí, ọmọ ẹdun tí ń ṣeré orí igi". Mélòó nínú àwọn tó ń kì í ló ti fojú rí ẹdun lórí igi rí? Oríkì ṣì wà lẹ́nu wa, ẹranko inú rẹ̀ ti kúrò nínú ọ̀pọ̀ igbó wa. Èmi ì bá fi ìyẹn nìkan ṣe fíìmù tí mo bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Èèwọ̀ tún máa ń yan ẹni tó ń gbà: ó lè gba ọ̀bọ kó má gba etu, ó lè gba igbó òrìṣà kó má gba oko kòkó tó fara tì í. Bi àwọn ará ìlú yín léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀bọ tó bá jáde wá jẹ àgbàdo. Ìdáhùn tí o máa gbọ́ lè má dùn létí, ṣùgbọ́n fi í sínú fíìmù.

Ọ̀rọ̀ drone kò gùn. Ní Nàìjíríà, a kì í kàn gbé e fò. Àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní ìwé tó ń béèrè, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò náà ní tirẹ̀, ọlọ́pàá tó bá mú ọ lójú pópó kò sì ní gbọ́ pé ọ̀bọ lò ń yà. Tí o bá tiẹ̀ ní gbogbo ìwé, orí igi ló máa rí. Ewé igbó wa pàdé lókè bí òrùlé, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì hàn sí ohun tó wà lókè. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀bọ kórìíra ohun tó bá ń fò lórí wọn, torí idì ló ń gbé ọmọ wọn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbátan mona ní igbe ọ̀tọ̀ fún idì, wọ́n ní ọ̀tọ̀ fún ẹkùn. Tí drone rẹ bá dún lókè, o máa gbọ́ igbe idì, lẹ́yìn náà o máa rí ìrù tó ń wọnú ewé lọ. Ẹ̀rọ tó ń wo ojúbọ láti òkè sì ti kọjá màrìwò náà nìyẹn, bí ẹsẹ̀ rẹ kò tilẹ̀ kan ilẹ̀.

Kámẹ́rà àsomọ́gi yàtọ̀. Irinṣẹ́ gidi ni, òun ló sì fi ojú ọ̀pọ̀ ẹranko hàn wá tí a ti rò pé wọ́n ti tán. Bí kò bá sí i, ta ni ì bá máa rí erin ní igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn? Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí", ṣùgbọ́n erin inú igbó tiwa kéré sí ti pápá, ó ń bẹ̀rù èèyàn, òru ló sì máa ń rìn jù. Fìrí gan-an ṣòro láti rí. Àjọ àgbáyé IUCN, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, ti fi irú erin yìí sí àwọn tó kù díẹ̀ kó run pátápátá láti 2021. Àwọn tó ń tọpa rẹ̀ ní Omo lónìí, ọdẹ làwọn kan nínú wọn tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń dọdẹ náà ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ báyìí. Ohun tó yẹ kí o kọ́ lára wọn nìyẹn. Tí àwọn tó ni igbó yín bá gbà kí o so kámẹ́rà sétí igbó, níta màrìwò, ọdẹ ni kó yan igi fún ọ. Òun mọ ojú ọ̀nà tí ẹranko ń gbà. Ìwọ á kàn máa wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. So ó ní gíga orúnkún fún etu àti ọ̀yà. Má kọ ojú rẹ̀ sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn. Gé koríko iwájú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ewé tí afẹ́fẹ́ ń mì nìkan lo máa bá nínú káàdì. Èèrà máa ń sọ inú rẹ̀ di ilé, ọ̀rinrin sì máa ń ba ojú rẹ̀ jẹ́ lọ́sẹ̀ méjì. Fún ọ̀bọ, kò wúlò tó bí àwọn èèyàn ṣe rò, torí òkè ni wọ́n ń gbé. Ohun méjì ni n kì í fi ṣeré mọ́ látìgbà tí mo ti jìyà: ẹni tí àwọn àgbà bá yàn ló máa kọ́kọ́ wo káàdì kí èmi tó wò ó, ohun tó bá sì ní kí n pa rẹ́, ojú rẹ̀ ni màá ti pa á rẹ́. Èkejì, pa ohun tó ń kọ ibi tí àwòrán ti wá sínú fáìlì. Apẹran náà ń lo íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀bọ aládùúgbò yín ńkọ́? Má fọwọ́ kàn án. Ní 1958, iléeṣẹ́ Disney gbé fíìmù kan jáde tí wọ́n ti fi han ayé bí àwọn ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní lemming, tó jọ eku, ṣe ń fò sínú òkun lọ kú. Fíìmù náà gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Nígbà tó di 1982, tẹlifíṣọ̀n Kánádà tú àṣírí rẹ̀: ìpínlẹ̀ Alberta ni wọ́n ti yà á, níbi tí kò sí òkun. Wọ́n rà wọ́n láti ibòmíràn, wọ́n gbé wọn sórí ohun tó ń yí kí wọ́n lè dà bí ẹni pọ̀, wọ́n sì tì wọ́n sínú omi. Títí di òní, àwọn èèyàn ṣì gbà pé lemming máa ń pa ara rẹ̀. Tìrẹ lè má tóbi tó bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀bọ kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀bọ máa rí ojú okùn lọ́rùn rẹ̀, àwọn ọmọ ìlú yín gan-an máa dá a mọ̀ pé ti lágbájá nìyẹn, ohun gbogbo tó kù nínú fíìmù rẹ máa wá dà bí irọ́. Ohun mìíràn tún wà. Ọmọ ọ̀bọ kì í tẹ èèyàn lọ́wọ́ lásán. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yìnbọn pa, kí wọ́n tó já a gbà láyà rẹ̀. Ẹni tó bá wo fíìmù tó wá ní òun náà fẹ́ sin ọ̀kan, ìwọ lo rán an níṣẹ́.

Ó wá ku ohun tí o lè ṣe. Ní ìpínlẹ̀ Rondônia ní Brazil, àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Uru-eu-wau-wau. Wọn kò tó 200, ilẹ̀ wọn nínú igbó Amazon sì tóbi dé ibi tí ojú kò tó, àwọn tó ń gégi àtàwọn tó ń wá ilẹ̀ màlúù sì ń ya wọ̀ ọ́ láti ìhà gbogbo. Alex Pritz, ará Amẹ́ríkà, ń ya dókúmẹ́ńtárì nípa wọn. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, wọ́n ti ilẹ̀ wọn, wọ́n ní àlejò kankan kò gbọdọ̀ wọlé, ẹni tó ń ya fíìmù pẹ̀lú. Àwọn tó ń ṣe fíìmù náà fi kámẹ́rà ránṣẹ́ sí wọn, àwọn ọ̀dọ́ wọn gbé e, àwọn fúnra wọn sì ya bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ igbó wọn. Fíìmù náà, The Territory, jáde ní 2022, orúkọ wọn sì wà lára àwọn tó ṣe é. Apá tó dára jù nínú rẹ̀, lójú tèmi, ni ibi tí kámẹ́rà ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń sáré nínú igbó baba rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí o bi mí pé ṣebí drone wà nínú fíìmù yẹn. Ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn onílẹ̀ ló wà, wọ́n fi ń wá àwọn tó ń jí igi wọn gé.

Àwòrò yín ní ọmọ ọmọ, n kò ṣiyèméjì. Kọ́ ọ̀kan nínú wọn bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú. Bàbá rẹ̀ àgbà ni yóò pinnu bóyá kámẹ́rà náà wọlé, ibi tó lè dé àti ohun tí wọ́n lè yà. Ó lè jẹ́ pé títí láé, kò ní wọlé. Nígbà náà, jókòó síta. Ya àwòrò bó ṣe ń pààrọ̀ màrìwò tó ti gbẹ, tó bá gbà. Ya ọdẹ tó ń sun ìjálá, tí o bá bi í léèrè ẹran tó ti pa rí àti èyí tí kò lè pa láéláé. Ya ìyá tí ọ̀bọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lóko, tó ń bú wọn láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò sì ju òkúta lù wọ́n. Ya pásítọ̀ àti ààfáà tí ọmọ ìjọ wọn ń gbé létí igbó náà, kí o sì gbọ́ tẹnu wọn láìfi wọ́n ṣe ọ̀tá. Àwọn ọ̀bọ yóò jáde fúnra wọn, torí wọn kò mọ̀ pé màrìwò ní ìta àti inú. N kò lè ṣèlérí pé àwòrò yóò gbà kí o ya òun. Tí kò bá gbà, yára wá ìlú mìíràn, kí o má sì ka oṣù tí o lò níbẹ̀ sí òfò.

Kí o tó tan kámẹ́rà, obì àti ọtí kọ́kọ́ ń lọ. Ìyẹn o ti mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe ni kí a tún kọ ọ́ sílẹ̀, ní Yorùbá tó yé gbogbo wọn: ta ló ni fídíò náà, ta ló lè ní kí o gé nǹkan kan kúrò, kí ló máa kan ìlú tí owó bá wọlé. Má sanwó fún ẹnikẹ́ni kó lè ṣe ohun tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n á máa bọ òrìṣà fún ọ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀. Fi fíìmù náà han ìlú lójúde ọba kí ibòmíràn tó rí i. Kí ẹ sì jùmọ̀ pinnu bóyá ẹ máa dárúkọ ìlú. Èyí le o. Àwọn kan nínú ìlú á fẹ́ kí àlejò máa wá, kí wọ́n rí owó. Àlejò tó sì ń fún ọ̀bọ ní bisikíìtì máa ń sọ ọ́ di ọlọ́ṣà tó ń já àpò gbà lọ́wọ́ ọmọdé. Èmi fara mọ́ kí ẹ má dárúkọ rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìlú yín ni, kì í ṣe tèmi. N kì í sì í ṣe lọ́yà. Jẹ́ kí ẹni tó mọ òfin ka ìwé àdéhùn yẹn kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ní ti owó, màá sọ òótọ́ fún ọ. Àwọn fíìmù ẹranko ńláńlá tí o ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n àwọn òyìnbó, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n fi ń yà wọ́n, owó tí wọ́n ń ná sì kọjá ohun tí èmi àti ìwọ lè kó jọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà á tún fẹ́ igbó tí kò sí èèyàn níbẹ̀, bí ẹni pé ẹranko nìkan ló ń gbé ilẹ̀ Áfíríkà. Tìrẹ kún fún èèyàn. Kò ní rọrùn láti tà. Má ta ẹ̀rọ ìgbéyàwó rẹ, má sì yá owó èlé. Ṣe èyí tó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú, fi ọdún kan ṣe é ní àárín òde sí òde. Kámẹ́rà tí o ní ti tó. Tí owó díẹ̀ bá wà, yá lẹ́ńsì tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ fún oṣù kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí o sì ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó dára kí o tó ra ohunkóhun mìíràn. Inú igbó wa ṣókùnkùn, àwòrán lè má dára, ṣùgbọ́n ohùn kò nílò ìmọ́lẹ̀. Àwọn àjọ tó ń fúnni lówó fún irú iṣẹ́ yìí wà, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bóyá àwọn tó ni ilẹ̀ mọ̀ sí i. Ìwé àdéhùn yín yẹn lo máa fi dá wọn lóhùn.

Lọ kí àwòrò lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà, má gbé kámẹ́rà dání, má sì mẹ́nu bà á àyàfi tí òun bá béèrè. Tó bá ní kí o padà wá lẹ́yìn ọdún, padà lọ lẹ́yìn ọdún. Láàárín èyí, jókòó síta màrìwò ní aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí o tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí o sì pa fóònù rẹ. Má wọ aṣọ tó ń dún.